Ẹyẹ Funfun Tí Màmá Ń Rí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìyà ṣe ń jẹ ayafọ́tò, ẹ lọ ya ẹyẹ funfun nínú oòrùn. Tí ẹ bá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ díẹ̀ báyìí, gbogbo ara ẹyẹ yẹn á jóná nínú fọ́tò. Ẹ ò ní rí ìyẹ́, ẹ ò ní rí apá, ẹ ó kàn rí nǹkan funfun kan bíi bébà tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ omi. Tí ẹ bá sì dín in kù jù, ẹyẹ á rí bí aṣọ tí wọn ò fọ̀ mọ́. Èmi yan dídín rẹ̀ kù, torí ohun tó ṣókùnkùn ṣì ṣeé tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti jóná ti lọ nìyẹn. Bí dókítà ṣe sọ nípa ojú ìyá mi náà nìyẹn. Ó ní èyí tó bá ti lọ kò ní padà.

Màmá wá bá wa ní Fort Washington, ní Maryland ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí a sin bàbá mi ní Ìbàdàn. A ní kí wọ́n wá sinmi. Aránṣọ ni wọ́n ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, irú aránṣọ tó jẹ́ pé tí iná bá lọ lójijì, ẹ ṣì máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ wọn nínú òkùnkùn. Wọ́n á ní ọwọ́ àwọn ti mọ ojú abẹ́rẹ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tọ́ ògiri kí wọ́n tó dé ilé ìdáná, mo rò pé ilé ni ò tíì mọ́ wọn lára. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ fura. Nọ́ọ̀sì ni, ojú nọ́ọ̀sì kì í sinmi. Ó rí i tí Màmá ń da tíì sínú ife, tí ife kún, tí tíì ń ṣàn sórí tábìlì, tí Màmá ṣì ń dà á lọ.

Dókítà ojú kan ní apá Greenbelt ló yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní omi inú ẹyin ojú wọn ń ti ojú náà láti inú, ó sì ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ. Ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ti ọ̀tún ṣì kù. Ó fún wa ní oògùn olómi tí wọ́n á máa kán sójú láàárọ̀ àti ní alẹ́. Ó ní kò lè dá èyí tó ti lọ padà o, ṣùgbọ́n ó lè di èyí tó kù mú. Mo túmọ̀ gbogbo ẹ̀ fún Màmá. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ní, “Ẹ ṣé gan-an, dókítà.” A ò tíì dé ìdí mọ́tò tí wọ́n fi ní, “Ọmọdé yẹn ò mọ nǹkan kan.” Ọmọdé tí gbogbo irun orí ẹ̀ ti funfun!

Èmi ní tèmi, iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní National Harbor. Tí àwọn ẹlẹ́nu dídùn bá ń ṣèpàdé, èmi ni mo máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí wọn lójú lórí pèpéle. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló ta kámẹ́rà àlòkù fún mi pẹ̀lú lẹ́ńsì gígùn kan, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sétí odò Potomac láàárọ̀ Sátidé, níbi tí odò kékeré kan ti ń wọ inú ẹ̀. Omi ibẹ̀ máa ń fà, ó sì máa ń kún. Tó bá ti fà, irà á yọ, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn á sọ̀ kalẹ̀ wá ṣọdẹ ẹja. Wọn ò fẹ́ rí ènìyàn sójú, ṣùgbọ́n wọn ò ka mọ́tò sí. Nítorí náà inú mọ́tò ni mo máa ń jókòó sí, màá sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀, màá gbé lẹ́ńsì lé àpò ẹ̀wà kan kó má baà gbọ̀n.

Màmá ló rán àpò náà. Ẹ̀wà olóyin ló wà nínú ẹ̀. Ìyàwó mi pariwo títí: “Ẹ̀wà tí à bá sè jẹ lo sọ di ìrọ̀rí kámẹ́rà?” Màmá ní kó fi mí sílẹ̀, pé ọkùnrin tí kò mutí, tí kò lọ sí kàsínò, jẹ́ kó máa wo ẹyẹ ẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dé inú mọ́tò ni mo tó wo ojú rírán àpò yẹn dáadáa. Ó wọ́. Láti kékeré, n kò rí ojú rírán ìyá mi kó wọ́ rí. Mo jókòó síbẹ̀, n kò ya nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo fi hàn wọ́n, orí tábìlì ìdáná ni kọ̀ǹpútà wà. Wọ́n sún mọ́ ọn títí imú wọn fi fẹ́ kan gíláàsì. Lójijì ni wọ́n pariwo.

“Lékeléke!”

“Kì í ṣe lékeléke tiwa, Màmá. Èyí ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú omi ló ń gbé, ẹja ló ń jẹ, kò mọ màlúù rí.”

“Lékeléke ni. Oúnjẹ Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ dà báyìí. Ìwọ náà wo ikùn ẹ.”

Wọ́n bá na ìka ọwọ́ méjèèjì sójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń jù wọ́n bí ọmọdé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé mọ ohun tí mò ń wí. Tí lékeléke bá ń kọjá lókè, gbogbo ọmọ àdúgbò á tú jáde, a ó máa ju èékánná sí i, a ó ní kó fún wa nínú funfun ara ẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, a ó máa wá àmì funfun lórí èékánná. Ẹni tó bá rí i á máa yan kiri bí ọba. Ìyá mi, àgbàlagbà, ló wá ń bẹ ẹyẹ inú kọ̀ǹpútà ní Maryland. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, tí mo ti jẹun, Màmá á wá jókòó tì mí, a ó máa tún fọ́tò ṣe. Màá gé etí fọ́tò kúrò kí ẹyẹ lè sún mọ́ wa. Màá fa ibi tó ṣókùnkùn sókè díẹ̀ kí abẹ́ apá rẹ̀ lè hàn. Màá pa igi tó dábùú ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á tún fọ́tò ṣe débi pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n Màmá á ní, “Kò tíì hàn sí mi.” Màá fi kún funfun ẹyẹ, màá mú kí omi ṣókùnkùn. “Kò tíì hàn.” Màá tún fà á. Odò Potomac á dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹyẹ á máa tàn yanranyanran láàárín ẹ̀, gbogbo àwọ̀ ewé á ti kú. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó mí kanlẹ̀: “Ẹ̀n-ẹ́n! Mo rí i wàyí. Wo ọrùn ẹ̀ bó ṣe gùn.” Ojú máa ń tì mí láti fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ han ẹlòmíràn, ọbẹ̀ tó níyọ̀ jù ni. Ṣùgbọ́n Màmá rí i. Kí ni mo tún ń wá?

Ìjọ wa wà nínú ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde wá, mo sì gbọ́ tí àga ẹ̀gbẹ́ mi dún. Màmá ti dìde. Ìyàwó mi wò mí, mo wò ó. Wọ́n fọwọ́ tọ́ ẹ̀yìn àwọn àga títí wọ́n fi dé iwájú, wọ́n gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

“Dókítà ní ojú mi ń kú lọ. Ẹ gbọ́ o, ará! Lánàá, mo jókòó ti ọmọ mi, mo rí ẹyẹ. Mo rí ọrùn rẹ̀. Mo rí ìyẹ́ rẹ̀. Ta ló ṣe é?”

“Jésù!” ni gbogbo ìjọ dáhùn. Dùùrù bú sókè, àwọn ènìyàn dìde, ijó bẹ̀rẹ̀.

Èmi jókòó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Ta ló ṣe é? Èmi ni mo ṣe é! Èmi ni mo sọ omi di dúdú! Ṣùgbọ́n ta ló máa dìde láàárín ìjọ pé ẹ dúró ná, ìyá òun ò tíì rí ìwòsàn? Kì í sì í ṣe irọ́ ni wọ́n pa. Wọ́n rí i. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni àwọn ènìyàn ti ń mú ọmọ wọn tó ń lo awò ojú wá, kí Màmá gbọ́wọ́ lé wọn lójú. Màmá ń gbé e lé wọn. Inú wọn dùn gan-an. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé Amẹ́ríkà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnìkan máa wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn.

Ìyàwó mi ló máa ń kán oògùn náà sí wọn lójú kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ ẹ̀rí yẹn gan-an, Màmá ní kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu mọ́, pé àwọn á máa kán an fúnra àwọn. Láti kùtùkùtù títí ilẹ̀ á fi ṣú ni ìyàwó mi máa ń wà ní ọsibítù, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Ó ní, “Màmá, olójú kì í lajú ẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́ o. Ẹ má gbàgbé.”

“Ṣé ọmọdé ni mí ni?”

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ta ló máa bá àgbà jiyàn lórí ojú ara ẹ̀?

Ní gbogbo ìgbà ooru, fọ́tò mi ń burú sí i, inú mi sì ń dùn. Ẹ wo òmùgọ̀! Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè kí n tó ṣí fọ́tò. “Àárọ̀ ni àbí ọ̀sán? Ó dúró ni àbí ó ń fò? Ṣé ó rí ẹja pa?” Mo rò pé iṣẹ́ náà ti wọ̀ wọ́n lára ni. Màá ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, màá ní ó tẹ orí ba, ó fẹ́ mú ẹja. Wọ́n á kọjú sí kọ̀ǹpútà díẹ̀, wọ́n á ní, “Áà, wo bó ṣe tẹ orí ba!” Màá lọ bá ìyàwó mi, màá ní Màmá rí ti òní kedere. Òun náà á mí ìmí ìtura. Ohun tí ojú ń wá lojú ń rí, ojú tèmi ló sì ń wá a.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já, àwọn ẹyẹ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àwọn ẹyẹ ńlá tó láwọ̀ eérú máa ń fara da òtútù, ṣùgbọ́n funfun kì í dúró de yìnyín. Sátidé kan, mo dé etí odò, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Mo ní mo gbọ́dọ̀ ya á dáadáa fún Màmá kó tó lọ. Mo jókòó nínú mọ́tò pẹ̀lú àpò ẹ̀wà mi, ìka mi ti kú, èémí mi ń rú jáde bí èéfín. Ẹyẹ ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, á gbé ẹsẹ̀, á dúró, á tún gbé e. Ó sún mọ́ mi débi pé ó kún inú lẹ́ńsì. Ni ọkọ̀ ojú omi kan bá bú ramúramù. Mo tẹ kámẹ́rà, ẹyẹ ti gbéra. Mo bú ọlọ́kọ̀ náà, mo bú ẹni tó tà á fún un. Nínú fọ́tò, irà wà, koríko wà, omi tó ń yí po níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò wà. Ẹyẹ ò sí.

Mo délé, mo ṣí i lórí tábìlì ìdáná kí n lè pa á rẹ́. Kí ọwọ́ mi tó kàn án, Màmá ti jókòó. N kò sọ nǹkan kan, inú ń bí mi. Bóyá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi rò pé mo rí nǹkan ńlá ya.

“Háà! Èyí mà rẹwà o! Wo ọrùn! Wo bí ìyẹ́ ẹ̀ ṣe funfun báláú!”

Mo wo fọ́tò. Mo wo Màmá. Ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí omi lásán.

“Níbo ló dúró sí, Màmá?”

Wọ́n na ìka, wọ́n fi kan gíláàsì kọ̀ǹpútà. “Ibí nìyí. Ṣé ìwọ ò rí i ni?”

Mo dìde, mo lọ sí yàrá wọn. Nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, lábẹ́ ìborùn, àwọn ìgò oògùn ojú náà wà, gbogbo èyí tí ilé oògùn ti ń fi ránṣẹ́ láti ìgbà ooru. Mo mú ọ̀kan. Wọn ò tíì já ìdérí ẹ̀. Mo mú òmíràn. Wọn ò tíì já a. N kò tún wo ìyókù.

Mo gbé ìgò kan wá, mo fi sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá ìdérí ẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lójú wọn.

“Màmá, kí ló dé?”

Wọ́n ń yí ìgò náà po lọ́wọ́.

“Kí ló dé tí ẹ ò kán an? Ojú yín mà ni! Ṣé Ọlọ́run ló ní kí ẹ má kán oògùn sójú ni?”

“Má pariwo mọ́ mi. Ojú ló fọ́, etí ò di.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa sọ ọ́ jáde nínú ilé wa. Wọ́n rọra gbé ìgò náà sórí tábìlì, wọ́n wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti jẹ́rìí níwájú ìjọ. Tí àwọn bá tún wá ń kán oògùn, ṣé kì í ṣe pé àwọn pe Ọlọ́run ní òpùrọ́? Kí ni kí àwọn sọ fún àwọn ọmọ tí àwọn gbọ́wọ́ lé lójú? Wọ́n ní nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, àwọn rò pé ìdánwò ìgbàgbọ́ ni. Ìgbà tí àwọn fi máa mọ̀ pé kì í ṣe ìdánwò, kò sí ẹni tí àwọn lè sọ ọ́ fún mọ́.

Nígbà tí ìyàwó mi dé láti ọsibítù, mo sọ fún un. Mo rò pé á pariwo ju èmi lọ. Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn ẹ̀, ó gbórí lé orúnkún Màmá, ó ń sunkún. Màmá ń fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ní, “Ó tó, ọmọ mi. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.” N kò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara wọn.

Dókítà wo ojú ọ̀tún náà títí. Ó ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló kù létí rẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ò tíì pa dé tán, ìyẹn náà ò sì ní pẹ́. Mo bi í bóyá iṣẹ́ abẹ á ràn án lọ́wọ́. Ó ní ó ti pẹ́ jù. Màmá ní kí n túmọ̀, mo túmọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò bú u nígbà tí a dé ìdí mọ́tò. Lójú ọ̀nà Beltway, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ̀ wá fún ni pé ká má sọ fún ìjọ. A ò sọ. Wọ́n ṣì ń mú ọmọ wá fún wọn di bí mo ti ń wí yìí. Èmi ò rí nǹkan kan bá Ọlọ́run sọ mọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ wá sọ fún mi pé gbogbo ẹ̀ ṣì máa dára, kó yáa jókòó sílé ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, mo kàn jókòó lásán ní tábìlì ìdáná. Mo gbọ́ ọwọ́ wọn lára ògiri, wọ́n ń bọ̀. Wọ́n wá àga wọn, wọ́n jókòó.

“O ò ṣí fọ́tò lónìí?”

“Kí la fẹ́ fi ṣe, Màmá?”

“Láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí, ìgbà tó o bá ń tún ẹyẹ ṣe nìkan lo máa ń jókòó tì mí. Tí mo bá ní n ò rí i mọ́, ṣé wàá tún jókòó?”

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà ni mo ṣí.

Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi, èékánná sókè. “Bá mi wò ó. Ṣé ó ti fún mi?”

Mo di ọwọ́ náà mú, mo wò ó lábẹ́ iná, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Irọ́ ti pọ̀ jù nínú ilé yẹn, n kò fẹ́ dá kún un.

“Kò sí, Màmá.”

“Ó dáa. Ṣí èyí tó kàn.”

Mo ṣí i. Ẹyẹ wà nínú ìyẹn. Ó dúró sínú omi, ọrùn rẹ̀ gùn, ìyẹ́ rẹ̀ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe lọ́dún náà. Mo mú kí omi ṣókùnkùn. Mo fi ìmọ́lẹ̀ kún ẹyẹ. Mo tún fi kún un, títí ìyẹ́ rẹ̀ fi jóná tán, tí kò ku nǹkan kan níbẹ̀ àfi funfun.

“Ṣé ó hàn, Màmá?”

“Fi kún un díẹ̀ sí i,” ni Màmá wí.